Watchdog ré, ṣùgbọ́n bọ́ọ̀dù kò jí: reset yẹn dé ibo?

Ìbéèrè: "Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. A ní àpótí kékeré kan tí à ń gbé sí ẹ̀gbẹ́ kànga ẹlẹ́rọ tó ń lo sólà, kó máa wo iye omi inú táńkì àti agbára bátìrì, kó sì máa fi ránṣẹ́ sí wa. Bọ́ọ̀dù tó ní chip i.MX6 ti NXP ló wà nínú rẹ̀, Linux tí a fi Yocto kọ́ ló ń lò, orí SD card ló sì ti ń jí. A ti kọ RuntimeWatchdogSec=30 sínú system.conf, kí watchdog, aago olùṣọ́ inú chip, máa tún bọ́ọ̀dù bẹ̀rẹ̀ bó bá gan. Ní ṣọ́ọ̀bù, gbogbo ìgbà tí a bá mọ̀ọ́mọ̀ pa kernel (ọkàn Linux) ni bọ́ọ̀dù ń jí padà fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tí a gbé lọ sí àwọn abúlé lẹ́yìn Ìsẹ́yìn, bí wọ́n bá gan pẹ́nrẹ́n, ó parí. Iná pupa á kàn máa tàn, àfi kí a bẹ ọlọ́kadà kan kó lọ yọ wáyà bátìrì kó tún un kì bọ̀ ọ́. Ọ̀kan tí a gbé padà wálé ṣe bẹ́ẹ̀ lójú wa, kò sí lẹ́tà kan ṣoṣo lórí serial, okùn tí bọ́ọ̀dù fi ń kọ ọ̀rọ̀ síta. Ẹnìkan ní kí n gbé timeout (gbèdéke aago náà) lọ sí 128. Ẹlòmíràn ní watchdog inú i.MX6 kò dára, kí n ra tòde. Èwo ni kí n ṣe?"

Ẹ kú iṣẹ́ ẹ̀yin náà, ẹ sì kú ìnáwó ọlọ́kadà. Bí mo ṣe gbọ́ ọ̀rọ̀ yín, pé bọ́ọ̀dù ń gan kọ́ ló ń dùn yín jù. Kò sí ẹ̀rọ tí kì í gan, pàápàá èyí tí òun àti mọ́tò omi jọ ń fa iná láti ara bátìrì kan. Ohun tó ń dùn yín ni pé ẹ ti fi olùṣọ́ sí i, olùṣọ́ ọ̀hún sì ṣe dáadáa lójú yín ní ṣọ́ọ̀bù, àmọ́ nígbà tó dójú ọ̀gbagadè, ó já yín kulẹ̀. Ẹni tó ní kí ẹ gbé gbèdéke lọ sí 128 kò gbọ́ ìbéèrè yín, ẹni tó ní watchdog inú chip kò dára sì ń bú aláìṣẹ̀. Ohun tí mo fura sí ni pé watchdog yín ń ré lásìkò, chip náà sì ń tún ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n SD card tó yẹ kó ti jí kò tilẹ̀ mọ̀ pé ohunkóhun ṣẹlẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú àáyá kúrò lọ́nà. Watchdog jẹ́ aago kan nínú chip tó ń kà lọ sí òdo. Bí ẹnikẹ́ni kò bá fọwọ́ kàn án kó tó débẹ̀, á fa reset. Nígbà tí ẹ kọ RuntimeWatchdogSec=30, systemd, ètò tó ń bójú tó gbogbo ètò yòókù nínú Linux, ṣí /dev/watchdog0, ó sọ fún driver pé gbèdéke jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá 30, ó sì ń fọwọ́ kàn án ní ìdajì àkókò yẹn, ìyẹn ìṣẹ́jú àáyá 15 síra wọn. Aago inú i.MX6 lè gba gbèdéke láti ìdajì ìṣẹ́jú àáyá títí dé 128. Ibẹ̀ ni 128 tí wọ́n sọ fún yín ti wá. Bí ẹ bá gbé e débẹ̀, kò sí ohun tó máa yí padà ju pé bọ́ọ̀dù á gan fún ìṣẹ́jú méjì ó lé díẹ̀ kó tó kú ikú kan náà. 30 dára, ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Báwo lẹ ṣe máa wá mọ̀ pé reset wáyé lóòótọ́, nígbà tí serial dákẹ́? Bọ́ọ̀dù tó gan, àti bọ́ọ̀dù tó tún bẹ̀rẹ̀ tí kò rí káàdì kà, bákan náà ni wọ́n ń dákẹ́, torí pé U-Boot, ètò tó ń gbé kernel dìde, ló ń kọ ìlà àkọ́kọ́ tí ẹ máa ń rí, orí káàdì sì ni U-Boot wà. Ṣùgbọ́n ROM, ètò àkọ́kọ́ tí wọ́n kọ mọ́ inú i.MX6, ní ìwà kan tí a lè fi mú un. Bí kò bá rí ibi tó ti máa jí, á lọ dúró sórí USB, á máa retí kí kọ̀ǹpútà kan wá gbé ètò fún un. Nítorí náà, nígbà tí èyí tó wà lọ́dọ̀ yín bá tún kú, ẹ má tíì yọ iná. Ẹ ki okùn USB bọ ihò OTG rẹ̀, ẹ so orí kejì mọ́ laptop, kí ẹ tẹ lsusb. Bí ẹ bá rí ìlà tó ní 15a2:0054, tàbí 15a2:0061 tó bá jẹ́ Solo tàbí DualLite, tí wọ́n kọ Freescale àti RecoveryMode síwájú rẹ̀, ẹjọ́ ti parí: watchdog ré, chip tún bẹ̀rẹ̀, ROM wá káàdì títí, kò rí i. Bí kò bá sí nǹkan kan níbẹ̀, kernel ló ṣì gan sójú kan. A jẹ́ pé aago yẹn kò ré rárá, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn.

Kí ló dé tí káàdì fi kọ̀? Gbogbo SD card, nígbà tí iná bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ inú rẹ̀, 3.3 V ló fi ń sọ̀rọ̀. Àwọn tó ń sáré, tí wọ́n kọ UHS-I sí, lè sọ̀ kalẹ̀ sí 1.8 V. Kernel ló ń ní kí wọ́n sọ̀ kalẹ̀, pẹ̀lú àṣẹ kan tó ń jẹ́ CMD11. Ibi tí wàhálà wà nìyí: kò sí àṣẹ kankan tó ń dá wọn padà sókè. CMD0 tí ROM fi ń bẹ̀rẹ̀, tí gbogbo ayé gbà pé ó ń sọ káàdì di tuntun, kì í kan fóltì yẹn rárá. Àfi kí iná kúrò lára káàdì pátápátá. Ṣùgbọ́n nígbà tí watchdog inú chip bá ré, chip nìkan ló ń tún bẹ̀rẹ̀. PMIC tó ń pín iná fún gbogbo bọ́ọ̀dù kò gbọ́ nǹkan kan, iná tó wọ káàdì kò sì já. Ẹ wò ó bí ọ́fíìsì tí wọ́n pààrọ̀ ọ̀gá rẹ̀ mọ́jú: ọ̀gá tuntun dé, ó ń fi èdè kan pe akọ̀wé, akọ̀wé sì jókòó, ó ń retí èdè tí òun àti ọ̀gá àná jọ fi àdéhùn sí. Kò sí ẹni tó ṣàìsàn nínú wọn, iṣẹ́ ni kò lè lọ.

Èyí ló jẹ́ kí ti ṣọ́ọ̀bù dára tí ti abúlé sì burú. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lè fọwọ́ sọ̀yà pé káàdì àtijọ́ kan tó wà nílẹ̀ lẹ fi ṣe ìdánwò, èyí tí kò ní UHS. Nígbà tí ẹ wá fẹ́ ṣe ọ̀pọ̀, ẹ ra ojúlówó, ẹ rò pé ẹ ń ṣe oore fún ara yín. Ẹ tẹ dmesg, tó ń fi àkọsílẹ̀ ọ̀rọ̀ kernel hàn, lórí méjèèjì. Ti ṣọ́ọ̀bù á kọ "new high speed SDHC card", ti abúlé á kọ "new ultra high speed", á sì fi SDR50, DDR50 tàbí SDR104 tẹ̀ lé e. Bí ẹ bá fẹ́ fojú ara yín rí fóltì ọ̀hún, ẹ ṣí fáìlì /sys/kernel/debug/mmc0/ios, tàbí mmc1 bí bọ́ọ̀dù yín bá ṣe kà á, kí ẹ wá ìlà signal voltage. 3.30 V tàbí 1.80 V lẹ máa bá níbẹ̀. Mo ti rí kí àwọn èèyàn máa dá bọ́ọ̀dù padà fún ẹni tó tà á fún wọn nítorí ìlà kan ṣoṣo yìí, tí bọ́ọ̀dù kò sì lẹ́ṣẹ̀ kankan.

Ohun kan tún wà tó máa ń tan èèyàn jẹ. Ẹ lè ní, "Ṣùgbọ́n bí mo bá tẹ reboot, ó ń jí padà, káàdì UHS náà ló sì wà nínú rẹ̀." Òótọ́ ni. Lórí i.MX6, watchdog kan náà ni kernel ń lò láti ṣe reboot, nítorí náà ẹ máa rò pé ẹ ti dán ọ̀nà náà wò. Ìyàtọ̀ rẹ̀ ni pé kí reboot tó ré e, kernel á kọ́kọ́ ti gbogbo nǹkan pa létòlétò, á sì pa iná káàdì bí bọ́ọ̀dù bá fún un ní ọ̀nà àtipa á. Kernel tó gan kò láǹfààní láti dágbére. Ìdánwò tó ní láárí ni kí ẹ fi kernel.panic sí 0, kí ẹ wá tẹ echo c > /proc/sysrq-trigger nígbà tí káàdì wà lórí 1.80 V. Ohun tó bá ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá 30 yẹn ló máa ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn Ìsẹ́yìn.

Ní ti ohun tí ẹ máa ṣe, èyí tó rọrùn jù lọ lẹ lè ṣe lónìí láì fọwọ́ kan soldering iron. Ẹ wọ device tree (fáìlì tó ń sọ ohun tó wà lórí bọ́ọ̀dù fún kernel), ẹ wá node usdhc, ìpín tí káàdì wà lórí rẹ̀, kí ẹ fi no-1-8-v sí i. Kernel kò ní ní kí káàdì sọ̀ kalẹ̀ mọ́, 3.3 V ló máa wà títí, ROM á sì máa rí i kà nígbàkúùgbà. Ohun tí ẹ máa san ni eré: eré tó ṣẹ́ kù kò ju 25 MB lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan, nígbà tí SDR104 lè dé 104 MB. Fún ẹ̀rọ tó ń kọ iye omi inú táńkì, kí lẹ fẹ́ fi 104 ṣe? Ẹ rántí U-Boot náà o, torí bí ẹ bá kọ́ ọ pẹ̀lú CONFIG_MMC_UHS_SUPPORT, òun fúnra rẹ̀ lè sọ káàdì kalẹ̀ kí kernel tó dé, nítorí náà device tree tirẹ̀ gbọ́dọ̀ ní ìlà yẹn pẹ̀lú. Bí ẹ bá fi nẹ́tíwọọ̀kì gbé àtúnṣe yìí ránṣẹ́ sí àwọn tó wà lóko, ẹ mọ̀ pé káàdì wọn ṣì wà lórí 1.8 V nígbà tí ẹ bá ní kí wọ́n tún bẹ̀rẹ̀. Bọ́ọ̀dù tí kò bá lè pa iná káàdì fúnra rẹ̀ á kú lẹ́ẹ̀kan sí i, ọlọ́kadà á sì tún lọ níjọ́ yẹn. Ẹ ṣe é ní àárọ̀ ọjọ́ tí ẹ lè rí ọlọ́kadà.

Èyí tó tọ́ jù, tí mo sì máa yàn fún ẹ̀dà tuntun, ni kí reset dé ọ̀dọ̀ PMIC. Chip i.MX6 ní ẹsẹ̀ kan tó ń jẹ́ WDOG_B. Bí ẹ bá fi fsl,ext-reset-output sínú node watchdog, tí ẹ sì ya ẹsẹ̀ yẹn sọ́tọ̀ nínú pinctrl (ibi tí a ti ń pín iṣẹ́ fún ẹsẹ̀ chip), watchdog kò ní máa tún chip bẹ̀rẹ̀ nínú lọ́hùn-ún mọ́. Á fa WDOG_B wálẹ̀. Bí wọ́n bá so ó mọ́ PWRON, ẹsẹ̀ tó ń tan PMIC tó sì ń pa á, PMIC á pa iná gbogbo bọ́ọ̀dù, á tún un tàn. Lórí bọ́ọ̀dù SabreSD tí NXP fi ń ṣe àpẹẹrẹ, watchdog kejì, wdog2, ni wọ́n lò báyìí, wọ́n sì pa wdog1. Ẹ wo fáìlì imx6qdl-sabresd.dtsi nínú kernel, ẹ máa rí i. Àmọ́ ẹ ṣọ́ra gidi níbí. Bí ẹ bá kọ fsl,ext-reset-output láìjẹ́ pé wáyà kankan wà láti WDOG_B lọ síbì kan, aago á pé, ẹsẹ̀ á wálẹ̀, kò sì ní sí ẹni tó gbọ́. Bọ́ọ̀dù tó ń jí láìrí káàdì á wá di bọ́ọ̀dù tí kì í tilẹ̀ í tún bẹ̀rẹ̀ rárá. Bí wáyà ọ̀hún bá sì lọ sí POR_B (ẹsẹ̀ reset chip fúnra rẹ̀) nìkan, chip ló tún ń tún bẹ̀rẹ̀, iná káàdì kò kúrò, ibi tí ẹ wà náà lẹ ṣì wà.

Nítorí náà, kí ẹ tó gba ọ̀rọ̀ àwòrán circuit gbọ́, ẹ wọ̀n ọ́n. Ẹsẹ̀ kẹrin ihò káàdì ni iná ń gbà wọlé, ì báà jẹ́ SD ńlá tàbí microSD. Ẹ gbé ẹnu oscilloscope lé e, kí ẹ pa kernel, kí ẹ sì máa wò ó. Ó gbọ́dọ̀ wálẹ̀ dé ìsàlẹ̀ 0.5 V fún ó kéré tán ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá, kó tó padà sókè. Míta ọlọ́wọ́ lásán kì í yára tó láti rí i. Mo sì ti rí ibi tí PMIC pa iná lóòótọ́, tí kapásítọ̀ ńlá kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò káàdì kò jẹ́ kó wálẹ̀ tó, iná á rọ̀ dé bíi 1 V, á sì tún gùnkè. Ohun mìíràn tó máa ń bá èèyàn lójijì lẹ́yìn tó bá so WDOG_B: i.MX6 ní aago kékeré mìíràn tó ń bẹ̀rẹ̀ fúnra rẹ̀ bí iná bá ti wọlé, tó sì máa ń fa ẹsẹ̀ yẹn wálẹ̀ lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá 16 bí ẹnikẹ́ni kò bá pa á. U-Boot àti kernel tó wà déédéé ń pa á. Bí bootloader yín bá jẹ́ èyí tí ẹnìkan gé kúrú, tí bọ́ọ̀dù sì ń tún bẹ̀rẹ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá 16 gééré, òun nìyẹn, ẹ má wá a lọ síbòmíràn.

Watchdog ìta tí ẹni kejì sọ kì í ṣe ìmọ̀ràn burúkú, ìdí tó fi sọ ọ́ ni kò tọ́. Bí bọ́ọ̀dù yín bá jẹ́ module tí wọn kò fa WDOG_B jáde, chip olùṣọ́ bíi TPS3823 lè bá yín pa switch iná, driver gpio_wdt á sì máa fọwọ́ kàn án láti inú Linux. Ṣùgbọ́n gbèdéke TPS3823 jẹ́ nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 1.6, kò sì ṣeé yí padà. Ẹ ro àkókò tí U-Boot ń lò láti gbé kernel, àti èyí tí kernel ń lò láti tú ara rẹ̀ kó tó dé ibi tí driver wà. Bí ẹ kò bá ṣètò ẹni tó ń fọwọ́ kàn án ní gbogbo ọ̀nà yẹn, bọ́ọ̀dù kò ní jí láéláé. Èyí tí mi ò fẹ́ rí lọ́dọ̀ yín ni aago relay táwọn kan ń rà, tó ń já iná ní òru òru bóyá ẹ̀rọ gan tàbí kò gan. Ó ń ṣiṣẹ́ o, títí di òru tó máa já iná nígbà tí káàdì ń kọ nǹkan lọ́wọ́.

Iye kan wà tí ẹ máa san lórí reset tó pa iná, mi ò sì fẹ́ kí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ọ lóko. Lónìí, bí bọ́ọ̀dù bá jí lẹ́yìn tí watchdog ré, fáìlì /sys/class/watchdog/watchdog0/bootstatus á fi 32 hàn, ìyẹn ni pé watchdog ló jí i. Bí PMIC bá pa iná, ìrántí yẹn á kúrò nínú chip, ẹ máa bá 0, bí ẹni pé ẹnìkan ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ki wáyà bọ̀ ọ́. Bákan náà ni ramoops tó ń fi ọ̀rọ̀ ìkẹyìn kernel pamọ́ sínú RAM á ṣòfò, nítorí RAM pẹ̀lú ti kú. Ẹ̀yin tí ẹ ṣì fẹ́ mọ ohun tó ń mú kó gan, ìyẹn kì í ṣe nǹkan kékeré. Fún ìdí yìí, máa bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú no-1-8-v, máa fi ramoops àti bootstatus wá ìdí tó fi ń gan, kí n tó so WDOG_B mọ́ PMIC nínú ẹ̀dà tuntun. Bí bọ́ọ̀dù bá ní SPI flash kékeré lára, mtdoops lè kọ ọ̀rọ̀ ìkẹyìn ọ̀hún síbẹ̀, iná kì í pa ìyẹn rẹ́.

Ẹ kò béèrè èyí, ṣùgbọ́n ó wà nínú ètò yín. RuntimeWatchdogSec kò ṣọ́ ètò tó ń ka táńkì. Systemd fúnra rẹ̀ nìkan ni watchdog náà ń ṣọ́. Ètò yín lè ti kú láti ìjẹta kí systemd ṣì máa fọwọ́ kan aago déédéé. Ẹ fi WatchdogSec sínú fáìlì service rẹ̀, kí ètò náà fúnra rẹ̀ máa fi WATCHDOG=1 ránṣẹ́ nípasẹ̀ sd_notify, láti inú ibi tó ti ń ka omi gan-an, kì í ṣe láti inú thread kan tí kò mọ̀ bóyá iṣẹ́ ń lọ. Ẹ fi Restart=on-failure sí i, àti StartLimitAction=reboot fún ìgbà tó bá ń ṣubú léraléra. Láàárín U-Boot àti systemd pẹ̀lú, àlàfo wà: bí U-Boot bá ti tan watchdog, kernel lè máa bá yín fọwọ́ kàn án láìlópin títí ẹnìkan á fi ṣí /dev/watchdog0. Bí systemd kò bá dé láé ńkọ́? Ẹ kọ watchdog.open_timeout=120 sórí ìlà àṣẹ kernel, kí ó ní ìgbà tó máa sú u.

Ẹ wo modem yín náà pẹ̀lú ojú yìí. Bí iná rẹ̀ bá ń ti ara bátìrì wá tààrà, tí kò gba abẹ́ PMIC kọjá, kò sí watchdog kankan lórí bọ́ọ̀dù tó lè jí i bí ó bá gan. Ẹ máa rí ẹ̀rọ tó jí dáadáa tí kò lè sọ fún yín pé òun ti jí.

Mi ò tíì rí àwòrán bọ́ọ̀dù yín, ìwé tí ẹ kọ nìkan ni mo fi ń fura. Bí ios bá fi 3.30 V hàn lórí àwọn tó ń kú, a jẹ́ pé káàdì kọ́. Ìbéèrè tí máa wá bi yín ni bóyá orí káàdì nìkan ni bọ́ọ̀dù ti ń jí lóòótọ́, àbí ROM ń kọ́kọ́ ka SPI flash. Flash tó bá tóbi ju 16 MB lọ ní irú àìsàn yìí kan náà: kernel á gbé e sí àdírẹ́sì oníbáìtì mẹ́rin, ROM á sì padà wá fi oníbáìtì mẹ́ta bá a sọ̀rọ̀. Fún ìyẹn, ohun tí kernel ní ni broken-flash-reset nínú device tree. Àmọ́ ẹ kọ́kọ́ gbé okùn USB yẹn, kí ẹ tẹ lsusb, kí ẹ sì fi ohun tí ẹ bá rí ránṣẹ́ sí mi pẹ̀lú ìlà dmesg tó sọ̀rọ̀ nípa káàdì.